Fi Ìka Kan Hàn Mí

Tí ọ̀gá àwọn dókítà eegun bá ń bọ̀ ní wọ́ọ̀dù, ìró bàtà rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé. Òórùn lọ́fínńdà á tẹ̀lé bàtà. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ á wọlé, pẹ̀lú ọ̀wọ́ àwọn dókítà kéékèèké tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí òròmọdìyẹ: ọ̀kan gbé fáìlì, ọ̀kan gbé fọ́tò eegun, àwọn yòókù gbé ojú ẹni tó gbọ́n.

Kì í béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbà pé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ló ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Á dúró ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á ní, "Fi ìka kan hàn mí." Aláìsàn á sì na ìka kan síbi tó ń dùn ún. Ìka kan ṣoṣo o. Bàbá arúgbó kan fi odindi àtẹ́lẹwọ́ bo ìbàdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá wò ó bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ gun orí àga, títí bàbá fi ká ìka mẹ́rin padà, ó ku ọ̀kan.

"Ṣé ẹ rí i?" ni ọ̀gá wí fún àwọn òròmọdìyẹ. "Ẹ bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ẹ ní kó fi ìka kan hàn yín, ó parí."

Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní Ìka Kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀. Ó rò pé oríkì ni.

Ọmọbìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ni wọ́n ń pè é nílé. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bó ṣe máa ń jí láàárọ̀: ọwọ́ kan ní ìbàdí, ọwọ́ kan lára ògiri, á mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti tọ́ ọmọ mẹ́sàn-án yanjú. "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá Àgbà, ṣé ara le?" ni bàbá á wí. Ọmọ á dáhùn pé, "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ìwọ náà, ṣé o ti jẹun?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín yẹn ti tán. Orúkọ náà ló kù.

Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú. Ìka Kan béèrè, ọmọ na ìka síbẹ̀, fọ́tò sì fi ihò kékeré kan hàn nínú eegun. "Kòkòrò ló wọ eegun," ni Ìka Kan wí. Ó gbé ọmọ lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ó ṣí ibẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fi díẹ̀ nínú ohun tó ha jáde ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Ilé àyẹ̀wò wá kòkòrò títí, wọn ò rí i. "Ó sá pamọ́ ni," ni Ìka Kan wí. Wọ́n gún ọmọ lábẹ́rẹ́ títí apá rẹ̀ fi le bí pátákó. Ìrora lọ. Gbogbo ẹbí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìka Kan.

Nígbà tó yá, ó di ojúgun ẹsẹ̀ kejì. Ìka kan, fọ́tò, ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́. Kòkòrò ò tún sí nílé. Ìrora tún lọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ẹni méjì ló ń du ìyìn: bàbá ọmọ ti ra fóòmù tuntun lọ́sẹ̀ náà gan-an, ó sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé fóòmù ló wò ó sàn. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò rò ni pé ìrora náà ní àkókò tirẹ̀. Ó máa ń wá fúnra rẹ̀, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀, bí ológbò. Ẹni tó bá ṣèèṣì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ń jáde, òun lá ní òun lé e.

Ní báyìí ó ti tún dé. Eegun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká ọmọ ló wú, ó yọ sókè lábẹ́ awọ bí ìlàjì ẹyin. Ìka Kan dé pẹ̀lú àwọn òròmọdìyẹ, ó béèrè, ọmọ na ìka.

"Ọ̀túnla la máa ṣí i," ni Ìka Kan wí. "Màdáàmù, wọ́n á gbé ìwé wá kí ẹ fọwọ́ sí i."

"Ẹ tún fẹ́ gé e?" ni ìyá ọmọ bi í.

"Ta ló sọ̀rọ̀ gígé? A máa fọ̀ ọ́ ni."

Ìyá náà ti ṣàkíyèsí pé ní ẹnu ọkùnrin yìí, kò sẹ́ni tí wọ́n ń gé rí. Wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń wò ó díẹ̀. Ara ọmọ òun nìkan ni àpá gígé ti wà.

Onídìrí ni ìyá yìí. Ìdúró ló fi ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀, ìdúró náà ló fi ń wọ ọkọ̀ wá sí ọsibítù. Tó bá wá jókòó sórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kì í sùn; ojú rẹ̀ kàn máa ń dúró síbì kan ni, bí aago tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Afẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún un láyé: irun ọmọ rẹ̀. Ọmọ lè má lè rìn, àmọ́ kò sírun tó dúró dáadáa tó tirẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yẹn, títí kan ti àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ń dì í lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà nígbà tí dókítà àwọn ọmọdé wọlé.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni pe dókítà yìí wá wo eegun. Ara ọmọ gbóná díẹ̀, Ìka Kan sì fẹ́ kí ẹnì kan fetí sí àyà rẹ̀, kí wọ́n lè fún un ní oògùn oorun láìsí wàhálà. Obìnrin tó ti ń hu ewú ni dókítà náà. Ó jọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ó yán kó tó kí wọn, ó tún yán lẹ́yìn tó kí wọn tán, ó sì fìdí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ohun tí òfin wọ́ọ̀dù kọ̀.

"Ẹ má dúró, ẹ máa dì í lọ," ó wí fún ìyá. "Irun yìí mà dáa o. Ọmọ, mí sínú. Mí síta." Ó fetí sí àyà, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ká rọ́bà tó fi ń gbọ́ àyà sọ́rùn, àmọ́ kò dìde. Ọmọ náà jókòó ṣánṣán bí ẹni tó wà nílé-ìwé, ìrọ̀rí méjì ṣófo lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yìn ò dùn ẹ́?"

"Rárá o, mà."

"Kí ló dé tí o ò fara ti ìrọ̀rí?"

"Kí irun mi má bàa bàjẹ́, mà."

"Èsì yẹn dáa," ni dókítà wí. Ó wá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ọmọ láti òkè bọ̀ sísàlẹ̀, eegun kan lẹ́yìn òmíràn, jẹ́jẹ́. Nígbà tó dé àárín, ọmọ ò pariwo, ojú rẹ̀ ò sì yí padà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ká kò.

"Ẹnu ẹ ní rárá," ni dókítà wí. "Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ ń sọ nǹkan míì. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

Ọmọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó bá ọ̀dàlẹ̀ pàdé.

"Ó dáa. Fi gbogbo ìka hàn mí."

"Gbogbo wọn?"

"Mẹ́wàá lo ní. Tí kò bá tó, màá yá ẹ ní tèmi."

Ọmọ wo ìyá rẹ̀, ó tún wo dókítà. "Tí mo bá fi hàn yín, ṣé wọ́n máa gé gbogbo ẹ̀ ni?"

Ìyá dáwọ́ irun dúró.

"Mi ò ní ọ̀bẹ," ni dókítà wí. "Wo àpò mi." Ó sì tú àpò rẹ̀ síta lóòótọ́: gègé méjì tí kò lómi, ìdajì búrẹ́dì nínú ọ̀rá, àti kọ́kọ́rọ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ wò bíi pé ó ti ń wá a tipẹ́.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka kan sí eegun ọrùn. Ó fi ọwọ́ kejì kan ìbàdí lápá ọ̀tún. Ó tẹ̀ síwájú, ó kan orúnkún, ó kan gìgísẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó nà án, kò dé ibẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ bá mi fi ìka yín síbẹ̀. Níbi tí dókítà tẹ̀ yẹn. Ọwọ́ mi ò tó o."

Ìyá fi ìka rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọmọ.

"Látìgbà wo?" ó béèrè.

"Ó ti pẹ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ọ̀kan ni wọ́n ń béèrè," ni ọmọ wí. "Mo máa ń mú èyí tó dùn jù sọ. Tí mo bá mú ọ̀kan sọ, ọ̀kan náà ni wọ́n máa gé. Mo wá kó àwọn tó kù pamọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ pọ̀ tó èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà fi ń ṣòwò.

Àsìkò yẹn ni bàbá ọmọ wọlé. Ọ̀gá ilé-ìwé ni, ó sì múra bí ọ̀gá ilé-ìwé: táì, bàtà dúdú, ẹ̀wù funfun tí ọwọ́ rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́, bọ́tìnnì rẹ̀ dé pinpin. Bó ti wù kí oòrùn mú tó, kì í ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè. "Ọkùnrin tó bá ká ọwọ́ ẹ̀wù, bí kò bá wá ìjà, á jẹ́ pé ó fẹ́ fọ abọ́," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tíṣà abẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, nítorí òun ni ọ̀gá wọn.

Dókítà ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ wò. Ó bi wọ́n bóyá nǹkan kéékèèké bí eéwo tó ní ọyún lórí ti yọ síbẹ̀ rí. Ìyá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń yọ, ó máa ń gbẹ, bàtà ilé-ìwé lòun rò pé ó ń fà á.

"Nínú ẹbí ńkọ́?" ni dókítà béèrè. "Ṣé a rẹ́ni tí awọ ara rẹ̀ máa ń nípọn, tó máa ń funfun, tó sì ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja? Ní ìgbọ̀nwọ́, ní orúnkún, tàbí nínú irun?"

"Kò sí," ni bàbá wí kíákíá. "Ẹbí wa mọ́ tónítóní."

"Mi ò sọ pé ìdọ̀tí ni, ọ̀gá tíṣà."

"Kò sí náà ni, mà."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í di irun lọ. Ó ti ń fọ ẹ̀wù ọkùnrin yìí láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, ó sì mọ ohun tó máa ń já bọ́ nínú ẹ̀wù kó tó kan omi. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá mọ àṣírí ọkọ rẹ̀, tó bá wá sọ ọ́ lójú àlejò, ọ̀rọ̀ náà kì í tán níbẹ̀. Ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Kò ní agbára ìjà méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, dókítà àwọn ọmọdé bá Ìka Kan pàdé, ohùn wọn sì ń wọlé látinú ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má tíì gé e. Ibi márùn-ún ló ń dùn ún."

"Dókítà, mo ní kẹ́ ẹ wá gbọ́ àyà ọmọ. Mi ò ní kẹ́ ẹ wá gbọ́ ìtàn."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ṣí i. Kòkòrò dà?"

"Ó sá pamọ́."

"Kòkòrò tó sá pamọ́ fún yín lẹ́ẹ̀mejì, tó sá fún ilé àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ jẹ́ ká gbà á síṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́."

Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé omi kọjá bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ikọ́ bò ó.

"Ọmọdé ni," ni Ìka Kan wí, ohùn rẹ̀ le. "Tẹ́ ẹ bá ní kó fi ìka mẹ́wàá hàn yín, á wá ibi tó máa fi wọ́n sí. Ohun tí mo lè fojú rí ni kẹ́ ẹ mú wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀túnla ni."

Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá náà gbọ́. Wọn ò wo ojú ara wọn. Ìwé ìfọwọ́sí wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù kékeré, gègé wà lórí rẹ̀, ó ń dúró.

"Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i tàbí èmi?" ni ìyá béèrè nígbà tó yá.

"Ìyá ọmọ, ọ̀gá pátápátá ni dókítà yẹn. Ó ń kọ́ àwọn dókítà níṣẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ká wá máa tẹ̀lé obìnrin tó ń yán?"

"Bàbá ọmọ mi," ó wí jẹ́jẹ́, "ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ yín." Ó ṣí ojú wo ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó sì gbé ojú kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìró bàtà dé, òórùn dé, òròmọdìyẹ dé. Dókítà àwọn ọmọdé náà wà níbẹ̀, ó fara ti ògiri bíi pé ògiri ló ń gbé e dúró. Ìka Kan dúró ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Kò wo obìnrin náà.

"Fi ìka kan hàn mí."

Ọmọ wo dókítà tó ń yán, ó wo dókítà tí kì í yán. Ìka kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ síbi eegun ọrùn, díẹ̀díẹ̀, bó ti máa ń ṣe. Ìyá rí i. Ó yíjú wo ọkọ rẹ̀.

Bàbá ló gbéra. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù lẹ́ẹ̀kan, ó ká a lẹ́ẹ̀kejì, ó ká a kọjá ìgbọ̀nwọ́, ó sì na apá náà síwájú gbogbo wọn. Láti àárín apá dé ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́, awọ rẹ̀ nípọn, ó pọ́n lábẹ́, ó funfun lókè bí ìpẹ́. Èérún díẹ̀ já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ọwọ́ kejì gbá wọn kúrò, bí ẹni tó da iyọ̀ sórí tábìlì onílé.

"Dókítà, ẹ béèrè lánàá," ni ó wí. Ọkùnrin tó máa ń bá ọgọ́rùn-ún ọmọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò rí ohùn tó ju ti ẹnì kan lò. "Mo purọ́. Ó wà lára mi. Ó wà lára bàbá mi náà."

Ọmọ la ẹnu. "Bàbá, kí ló ṣe yín lápá?"

"Ó pẹ́ tó ti wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

Ìyá ló dáhùn, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Òun náà ń kó tiẹ̀ pamọ́."

Ọmọ ronú sí i. Lẹ́yìn náà, ó yọ ọwọ́ méjèèjì jáde nínú aṣọ ìbora, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn: ọrùn, ìbàdí, orúnkún, gìgísẹ̀. "Ẹ̀yìn wà níbẹ̀," ó wí fún Ìka Kan, "àmọ́ ọwọ́ mi kì í dé ibẹ̀, sà. Ìyá mi lẹ máa béèrè lọ́wọ́ wọn."

Ìka Kan wo apá bàbá. Ó wo ọmọ. Ká má purọ́, ọkùnrin náà kàwé; ohun tó máa ń ṣe é ni pé ó ti pẹ́ tí ìwé tuntun kankan ti ráyè wọlé tọ̀ ọ́ láàárín ìyìn. Ó nawọ́, ó fi ìka tẹ ẹ̀yìn ọmọ fúnra rẹ̀, ó sì wo ìsàlẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ká kò.

"Ẹ ya fọ́tò gbogbo ara rẹ̀," ó wí. "Ẹ dá iṣẹ́ ọ̀la dúró." Ó yíjú sí àwọn òròmọdìyẹ. "Mo ti ń rò ó bọ̀ tẹ́lẹ̀."

Àwọn òròmọdìyẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń ya gbogbo ara ń pariwo bí ẹni tó ń fi òòlù lu páànù. Ọmọ sùn sínú rẹ̀ láìmira, kí irun má bàa bàjẹ́. Nígbà tí fọ́tò jáde, dókítà àwọn ọmọdé tẹjú mọ́ ọn, gbogbo oorun kúrò lójú rẹ̀. Nínú irú fọ́tò yìí, níbi tí eegun ti yẹ kó dúdú, ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀: ní eegun ọrùn, ní ìbàdí, ní orúnkún, ní gìgísẹ̀, àti níbì kan tí ọmọ ò tíì mọ̀ pé ó ń dùn ún.

"Ó mà lẹ́wà o!" ni dókítà pariwo.

"Kí ló lẹ́wà níbẹ̀, mà?" ni ìyá béèrè.

Ojú ti dókítà. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti rí ara rẹ̀ níwájú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń fi fọ́tò náà hàn wọ́n lórí ògiri ńlá. "Ẹ má bínú," ó wí. "Kò lẹ́wà rárá. Ẹ wo ibí." Ó fi ìka hàn wọ́n nínú ọ̀pá ẹ̀yìn: eegun kan ti ń di pẹlẹbẹ díẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí búrẹ́dì tí ẹnì kan jókòó lé. "Èyí ló ń bà mí lẹ́rù. Tá a bá fi sílẹ̀, ó lè wó."

Ilé àyẹ̀wò tún yẹ ohun tí Ìka Kan ha jáde nígbà méjèèjì wò. Kòkòrò ò sí níbẹ̀. Jẹjẹrẹ náà ò sí. Iná ìwúlé, ìyẹn ara tó wú tó sì gbóná, nìkan ló wà níbẹ̀, láìsí ẹni tó dá a. Kò sídìí láti tún ọmọ gé.

Àrùn náà ní orúkọ, orúkọ tó gùn débi pé bàbá ní kí dókítà pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò sì béèrè ẹ̀ẹ̀kẹta nítorí iyì. Ọmọ ní òun ò fẹ́ orúkọ, kí wọ́n sọ fún òun ohun tó ń ṣe.

"Ṣé o mọ ọlọ́dẹ?" ni dókítà bi í. "Àwọn tó ń ṣọ́ ilé?"

"Mo mọ̀ wọ́n."

"Ara ní ọlọ́dẹ. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n lu olè. Tìẹ, wọn ò rí olè, ọwọ́ ń yún wọn, wọ́n wá ń lu onílé. Lára bàbá ẹ, awọ ni wọ́n ń lù; lára tìẹ, eegun."

"Ẹ lé wọn kúrò níṣẹ́."

"Olè gidi lè dé lọ́jọ́ kan. A máa bá wọn wí ni."

"Ṣé ó máa lọ pátápátá?" Ìyá ló béèrè.

"Ó lè lọ, ó lè padà wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ, ó máa ń rọ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Mi ò lè búra fún yín."

Ìyá mí kanlẹ̀. Ìka Kan kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Ìka Kan máa ń ní, "Ó parí." Ó ṣe é bíi pé òótọ́ yìí wúwo ju irọ́ ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí irọ́ ní òpin, ti obìnrin yìí sì gùn lọ bí ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó gbé e.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hóró oògùn tó ń pa iná ìwúlé, èyí tí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun kó tó lò ó, kó má bàa jẹ ẹ́ nínú. Gìgísẹ̀ gbọ́, orúnkún gbọ́ díẹ̀, ẹ̀yìn ò gbọ́. Torí pé oògùn tó kàn lè da eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ láàmú, wọ́n ní kí dókítà eyín yẹ ẹnu rẹ̀ wò ná, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì fa oògùn mìíràn sí i lára nínú omi, èyí tó ń mú kí eegun le, tó sì ń dín ìrora rẹ̀ kù. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, ibà mú un, gbogbo ara ro ó, ó sì wo dókítà bí ẹni tó bá oníjìbìtì pàdé. "Mo sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀," ni dókítà wí. "Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni," ni ọmọ dáhùn, "ẹ ò sọ ọ́ dáadáa." Wọ́n lọ sílé, wọ́n padà wá fún òmíràn, wọ́n tún lọ sílé. Ìyá ń dìrí, ó ń wọ ọkọ̀, ó ń jókòó sórí àga oníke. Ọjọ́ ń jọra wọn.

Ọ̀sán kan ni nǹkan yí padà, kò sì sẹ́ni tó lu agogo sí i. Wọ́n wà ní wọ́ọ̀dù, omi ń kán wọ ara ọmọ, ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun rẹ̀ tán, irun kéékèèké tó gba gbogbo ọwọ́ ọ̀sán. Ó yíjú láti kó òòyà sínú báàgì. Nígbà tó padà wò, ọmọ ti fara ti ìrọ̀rí, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, irun tuntun ń run mọ́ aṣọ ìrọ̀rí.

"Irun yẹn!" ni ìyá kígbe, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóde, ohùn kan ń kọ́ àwọn òròmọdìyẹ tuntun níṣẹ́. "Tó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ má béèrè ìka kan o. Gbogbo ìka! Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́." Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ lórúkọ tuntun, Ìka Mẹ́wàá. Ó mọ̀. Ó rò pé wọ́n fi kún oríkì òun ni. Dókítà àwọn ọmọdé kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó yán, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ní ilé báyìí, láàárọ̀, bàbá ló ń fọ abọ́ àná, ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ ká dé òkè ìgbọ̀nwọ́, torí ìpara tí dókítà awọ fún un máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù. Ohun tí òun sọ nìyẹn. Ìyá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ojú rẹ̀ kò tíì là tán.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Àgbà. Ẹ fi hàn mí."

Ọmọ na ìka sí ìbàdí. Ó ronú, ó na òmíràn sí gìgísẹ̀.

"Méjì?"

"Méjì ni."

"Àná, ọ̀kan lo sọ."

"Àná, ọ̀kan ni. Òní, méjì."

Ìyá fẹ́ gbà á gbọ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín ẹ̀yìn ọmọ, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi," ni ọmọ wí. "Wọn ò mọ irọ́ pa."

Ìyá wò wọ́n. Gbogbo wọn sùn sílẹ̀, kò sí èyí tó mira. Ó dìde, ọwọ́ kan ní ìbàdí, ó sì lọ gé búrẹ́dì tí ọmọ máa jẹ kó tó lo oògùn.